Etí Ta Ni Ẹ̀rọ Fi Ń Gbọ́?

Àríyànjiyàn kan wà tí kò tíì tán nílẹ̀ láàrin àwọn tí ó fẹ́ràn orin ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Àwọn àgbà ní láti ọjọ́ tí orin ti kúrò lórí àwo dúdú tí abẹ́rẹ́ ń kà, tí ó di ohun tí a ń kó sínú fóònù, ni adùn rẹ̀ ti lọ. Àwọn ọ̀dọ́ ní irọ́ ni. Wọ́n ní eruku àti ariwo ni àwọn àgbà ń pè ní adùn, àti pé ẹ̀rọ tuntun ni ó fọ orin mọ́. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn yìí ní Abẹ́òkúta, mo sì ti gbọ́ ọ lábẹ́ àgọ́ àríyá ní Ọdẹ́dá, lójú ọ̀nà Ìbàdàn. Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì ni ó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn àgbà ń bínú sí ohun tí kò ṣẹ̀ wọ́n. Àwọn ọ̀dọ́ ń yin ohun tí ó ń jí ẹrù wọn kó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré lásán. Orin ni àpótí tí Ẹ̀gbá kó ọ̀pọ̀ ìtàn rẹ̀ sí. Bí a bá yọ orin Yusuf Ọlátúnjí, Baba l'Ẹ̀gbá, ẹni tí ó kú ní 1978, kúrò nínú ìtàn ìlú yìí. Bí a bá yọ ti Àyìnlá Ọmọwúrà, ẹni tí ó pàdánù ẹ̀mí rẹ̀ nínú ìjà ilé ọtí ní Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 6, oṣù karùn-ún, 1980, oríkì ọ̀pọ̀ ilé ni yóò bá wọn lọ, àti orúkọ àwọn ènìyàn tí kò sí ìwé kankan tí ó kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn àwo tí a ká ohùn wọn sí ń gbó, wọ́n ń fọ́, wọ́n sì ń sọnù. Ohun tí ẹ̀rọ bá gbọ́ nínú wọn lónìí ni àwọn ọmọ wa yóò mọ̀ lọ́la. Nítorí náà, ó tọ́ kí a béèrè bí ẹ̀rọ ṣe ń gbọ́ran, àti etí tí ó fi ń gbọ́.

Mo pín iṣẹ́ tí ẹ̀rọ ń ṣe sí ohùn sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni kíká ohùn sílẹ̀ ní nọ́ńbà. Èkejì ni dídín ohùn kù àti fífọ̀ ọ́ mọ́. Ẹ̀kẹta ni títún ohùn ṣe. Ìdájọ́ mi ni pé èkíní jẹ́ ìmọ̀ tí kò ṣe ojúsàájú. Ṣùgbọ́n èkejì àti ẹ̀kẹta ní etí ènìyàn kan nínú, etí náà sì ní ilé tí ó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. Ìró kò ju kí afẹ́fẹ́ máa mì lọ. Nígbà tí onílù bá fi kọ̀ǹgọ́ lu awọ, awọ á ti afẹ́fẹ́ síwájú, á tún fà á sẹ́yìn, ìgbì náà á sì rìn títí dé etí wa. Lórí àwo àtijọ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi fín àwòrán ìgbì yìí sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí à ń pè ní díjítà kò fín àwòrán kankan; ńṣe ni ó ń tọ́ ìgbì náà wò, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ń se ọbẹ̀ ṣe ń tọ́ ọbẹ̀ wò lórí iná, tí ó sì ń kọ nọ́ńbà kan sílẹ̀ fún ìtọ́wò kọ̀ọ̀kan. Lórí síídì, tí wọ́n kọ́kọ́ tà fún ará ìlú ní Japan ní 1982, ìtọ́wò 44,100 ni ó ń wáyé ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ṣoṣo, ìwọ̀n tí a ń fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ ọ̀kan nínú 65,536.

Ibí yìí ni àwọn àgbà ti rí ẹ̀sùn kà. Wọ́n ní ohun tí ó wà láàrin ìtọ́wò kan àti èkejì ti sọnù, pé orin ti di àtẹ̀gùn dípò kí ó jẹ́ òkè tí ó rọra ga. Ẹ̀sùn yìí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní 1928, Harry Nyquist, tí ó ń ṣiṣẹ́ lórí títẹ wáyà ní Amẹ́ríkà, fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ náà lélẹ̀. Ní 1949, Claude Shannon là á yé gbogbo ayé pé bí mímì ìgbì kan kò bá yára ju ìwọ̀n kan lọ, tí a sì tọ́ ọ wò ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n náà lọ, ìgbì kan ṣoṣo péré ni ó lè bá àwọn nọ́ńbà náà mu. Kò sí ohun tí ó bọ́ sílẹ̀ láàrin. Etí ọmọ ènìyàn, bí ó ti wù kí ó mú tó, kì í sábà gbọ́ mímì tí ó bá ju 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú-àáyá. Ìlọ́po méjì rẹ̀ jẹ́ 40,000, iye ìtọ́wò síídì sì ti kọjá bẹ́ẹ̀. Àtẹ̀gùn tí wọ́n máa ń yà sínú ìwé kò sí nínú ohun tí ń jáde lẹ́nu sípíkà, nítorí pé ẹ̀rọ tí ń sọ nọ́ńbà di ìró padà ti so ìgbì náà pọ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Májẹ̀mú kan ni ìmọ̀ yìí béèrè. A gbọ́dọ̀ fi asẹ́ sẹ́ ìró náà kí a tó tọ́ ọ wò, kí mímì tí ó yára jù má baà wọlé. Bí ó bá wọlé, yóò paró. Ẹni tí ó bá ti wo fíìmù tí táyà ọkọ̀ inú rẹ̀ dàbí ẹni ń yí sẹ́yìn nígbà tí ọkọ̀ ń sáré síwájú ti rí irú irọ́ bẹ́ẹ̀: ojú kámẹ́rà ni kò ṣí léraléra tó. Ẹ̀rọ tí a ṣe dáadáa ti ní asẹ́ yìí nínú. Bí síídì kan bá ń dún gbẹrẹfu, kí a bi ẹni tí ó jókòó ti ẹ̀rọ; kí a fi ìmọ̀ ìtọ́wò sílẹ̀.

Tẹlifóònù tilẹ̀ lè fi hàn wá bí etí ti gbọ́n tó. Ìlà tẹlifóònù àtijọ́ kì í gbé mímì tí kò bá tó 300 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kì í sì í gbé èyí tí ó bá ju 3,400 lọ. Bẹ́ẹ̀, ohùn ọkùnrin tí ó ń sọ̀rọ̀ sábà máa ń mì ní nǹkan bí ìgbà 100 sí 150. Èyí já sí pé ìpìlẹ̀ ohùn náà gan-an, níbi tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ti ń gbà yàtọ̀, ni wáyà ń gé dànù. Síbẹ̀, bí bàbá bá pe ọmọ rẹ̀ láti oko pé kí ó ra ọkọ́ bọ̀, ọmọ kò ní lọ nájà ọkọ̀. Àwọn mímì gíga tí ó kù ni etí fi ń ṣírò ìpìlẹ̀ tí a ti gé, tí ó sì ń dá a padà sípò láìjẹ́ kí a mọ̀. Etí kì í ṣe agbada tí a kàn ń da omi sí. Òǹkàwé ni, ó ń fi ohun tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ parí ohun tí a kò kọ tán.

Láti inú ọgbọ́n etí yìí ni iṣẹ́ kejì ti jáde, ibẹ̀ sì ni ẹjọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀. Síídì ń ná òdo àti oókan tí iye wọn jẹ́ 1,411,200 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí pọ̀ jù fún kọ̀ǹpútà àti ìlà tẹlifóònù ìgbà náà. Karlheinz Brandenburg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Erlangen, ní Jámánì, bẹ̀rẹ̀ sí wá ọ̀nà láti dín in kù, iṣẹ́ wọn sì wà lára ohun tí ó di ìlànà MP3, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1993. Ìmọ̀ tí wọ́n lò rọrùn láti ṣàlàyé: ìró ńlá a máa bo ìró kékeré mọ́lẹ̀. Nígbà tí gángan bá ń dún létí ẹni, kò sí ẹni tí yóò gbọ́ mímí ẹni tí ó jókòó tì í. Kí ni a wá ń tọ́jú mímí náà sí? Ẹ̀rọ á díwọ̀n ohun tí etí kò ní ṣàfẹ́rí, á sì jù ú nù. Bí a bá dín orin kù sí 128,000 fún ìṣẹ́jú-àáyá kan, gẹ́gẹ́ bí ó ti wọ́pọ̀ fún ọdún púpọ̀, ìdá kan péré nínú mọ́kànlá ni ó ṣẹ́kù.

Iṣẹ́ ìyanu ni, n kò sì kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ ohun tí etí kò ní ṣàfẹ́rí? Ènìyàn ni. Wọ́n mú ènìyàn jókòó, wọ́n fi ìró tí a ti dín kù wé ìró tí a kò dín kù, wọ́n sì béèrè bóyá wọ́n gbọ́ ìyàtọ̀. Àwọn ìró tí òkìkí wọn kàn jù nínú ìtàn iṣẹ́ náà ni orin “Tom's Diner” tí Suzanne Vega dá kọ láìsí ohun èlò, tí Brandenburg fi tún iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lọ́pọ̀ ìgbà, àti igi méjì tí àwọn ará Spain máa ń fi ọwọ́ pa pọ̀ nígbà ijó. Igi yìí dá wọn láàmú gidigidi. Ẹ̀rọ MP3 ń kó ìtọ́wò jọ ní òkìtì òkìtì, 1,152 nínú òkìtì kan, kí ó tó ṣe ìdájọ́ lórí wọn. Bí ìró òjijì bá ṣẹlẹ̀ ní ìparí òkìtì, àṣìṣe ìdíwọ̀n náà á tàn ká gbogbo òkìtì, etí á sì máa gbọ́ ìfọ́nká kan kí igi tó pàdé igi. Wọ́n wá ọgbọ́n dá sí i, ṣùgbọ́n àrùn náà a máa yọjú nígbàkúùgbà tí a bá fún ẹ̀rọ ní àyè tí kò tó.

Ẹ wá wo ohun tí ó wà nínú àpàlà. Agogo, tí ó ń dún lójijì. Agídìgbo, tí ìka ń já irin rẹ̀. Gángan, tí kọ̀ǹgọ́ ń balẹ̀ lára rẹ̀ kíákíá. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, tí ìró rẹ̀ kò ní ohùn kan pàtó, tí ó tàn káàkiri láti ìsàlẹ̀ dé òkè bí òjò lórí páànù. Irú ìró bẹ́ẹ̀ ni ó ń ná ẹ̀rọ lówó jù, òun ni ó sì máa ń fi owó rẹ̀ ṣọ́ ná jù. Orin tí dùùrù àti fèrè ń gbé lè fara da ìdínkù; orin tí ó jẹ́ pé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ni ó di àárín rẹ̀ mú kò lè fara dà á tó bẹ́ẹ̀.

Mo dán an wò ní pálọ̀ alàgbà kan ní Ọdẹ́dá, ẹni tí kò jẹ́ ta àwọn àwo rẹ̀. A gbé àwo Àyìnlá kan sí orí ẹ̀rọ. Lẹ́yìn náà a gbọ́ orin kan náà láti inú mẹ́mọ́rì tí a rà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta orin lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọ̀rọ̀ orin ṣì yé ni. Ohùn Àyìnlá ṣì le koko. Àmọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ti di ohun tí ń sín wìṣìwìṣì bí omi tí ó ń jò lára páìpù, ìlù Adéwọlé Oníluọlá, tí ó máa ń bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí ó sì máa ń fún un lésì, ti fà sẹ́yìn bí ẹni dúró lẹ́yìn aṣọ ìkélé. Ẹni tí ó ní àwo mọ̀ pé nǹkan kù. Ẹni tí kò gbọ́ àwo rí yóò gbà pé bí àpàlà ṣe ń dún nìyẹn, pé akọrin kan ni ó ń dá kọrin tí àwọn kan ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀. Àpàlà kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtàkùrọ̀sọ ni, a sì ti yọ ẹnì kejì kúrò nínú rẹ̀.

Ti fífọ̀ tilẹ̀ burú ju ti dídínkù lọ. Àwo tí ó ti gbó máa ń han. Ẹ̀rọ wà tí a lè kọ́ pé “ariwo rèé”, tí yóò sì yọ gbogbo ohun tí ó bá jọ ọ́ kúrò nínú orin. Àgbẹ̀ ni àwa ará Ọdẹ́dá, a mọ ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ bí a bá bẹ alágbàṣe tí kò mọ ewé ẹ̀gẹ́ sí oko ẹ̀gẹ́: yóò ro oko náà mọ́ tónítóní, kò sì ní sí ohun tí a ó wà. Nínú sákárà, gòjé ni ó ń ṣáájú orin. Irun ẹṣin ni okùn rẹ̀, irun ẹṣin ni ọrun tí a fi ń ha á. Híhan tí irun ń ha lára irun wà lára ohùn rẹ̀ bí epo ṣe wà lára ọbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a kọ́ pé híhan ni èpò yóò fa gòjé tu. Mo ti gbọ́ sákárà tí a fọ̀ báyìí, tí gòjé inú rẹ̀ ń dún bí fèrè ọmọdé. Ẹni tí ó fọ̀ ọ́ kò ní èrò ibi, ohun tí ó sọ fún mi ni pé, “Ẹ ò rí i bí ó ṣe mọ́!” Ó mọ́ lóòótọ́. Ilẹ̀ oko náà mọ́.

Iṣẹ́ kẹta ni mo fi ṣe ìkẹyìn nítorí pé òun ni ó sún mọ́ èdè wa jù. Ní 1997, Andy Hildebrand mú ẹ̀rọ kan jáde ní Amẹ́ríkà tí ó pè ní Auto-Tune. Kí ó tó di oníṣẹ́ orin, iṣẹ́ epo rọ̀bì ni ó ń ṣe. Ó bá ilé iṣẹ́ Exxon ṣiṣẹ́. Àwọn tí ń wá epo máa ń mi ilẹ̀ tìtì, wọn a sì fi ẹ̀rọ gbọ́ ìró tí ó bá padà wá láti ara àpáta ìsàlẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ilẹ̀ ṣe tò sí. Àwa tí a ń gbé Ọdẹ́dá, níbi tí àwọn afọ́kùúta ti ń fi ẹ̀tù fọ́ àpáta, kò nílò àlàyé púpọ̀: bí ẹ̀tù bá dún, ilẹ̀ á mì, ẹni tí ó jókòó sínú ilé á sì fi ìdí gbọ́ ọ kí ó tó fi etí gbọ́ ọ. Ìṣirò tí Hildebrand fi ń ka ilẹ̀ ni ó fi ka ohùn. Ó gbé ìgbì lé ara rẹ̀, ó sún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi rí ibi tí ó ti bá ara rẹ̀ mu. Ibẹ̀ ni ó ti mọ iye ìgbà tí ohùn náà ń mì. Nígbà tí ó bá ti mọ èyí, ẹ̀rọ á wo ohùn tí ó súnmọ́ ọn jù lára ohùn méjìlá dùùrù, á sì fa akọrin lọ síbẹ̀. Bí a bá ní kí ó fà á kíákíá, kò ní sí yíyọ̀ láàrin ohùn kan àti èkejì mọ́. Ohùn á máa fò láti orí ìka dùùrù kan sí òmíràn. Lẹ́yìn orin “Believe” tí Cher gbé jáde ní 1998, gbogbo ayé mọ bí ó ṣe ń dún.

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ohùn orin ni ẹ̀rọ yìí ń tọ́. Ọ̀rọ̀ kò yí padà. Nínú Yorùbá, ohùn ni ìdajì ọ̀rọ̀. Èdè wa kò sì bá dùùrù dá májẹ̀mú kankan lórí bí ohùn òkè ṣe gbọ́dọ̀ ga tó. Ohun tí ó béèrè kò ju pé kí òkè ga ju àárín lọ, kí àárín sì ga ju ìsàlẹ̀ lọ. Nǹkan méjì ni ẹ̀rọ ń bàjẹ́ níbẹ̀. Àkọ́kọ́ ni yíyọ̀. Ẹ pe “ìlú”, ẹ ó gbọ́ pé sílébù kejì ń gun òkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹ pe “kíkà”, ẹ ó gbọ́ pé sílébù kejì ń sọ̀ kalẹ̀. Yíyọ̀ yìí ni etí fi ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀. Ẹ̀rọ tí a yá lára kà á sí àìṣedéédéé, ó sì ń gé e. Èkejì ni òpin gbólóhùn. Bí a ti ń sọ̀rọ̀ lọ ni ohùn wa ń lọ sílẹ̀, tí àyè tí ó wà láàrin òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ sì ń há. Bí ohùn méjì bá ti súnmọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí ìka dùùrù kan náà fi súnmọ́ wọn jù, ẹ̀rọ á kó àwọn méjèèjì sórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ méjì á di ọ̀kan. Òwe tí akọrin pa ní kedere á dé etí wa bí àlọ́ tí kò ní ìtumọ̀.

Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí irú rẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá. Nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì dé Abẹ́òkúta ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, wọ́n túmọ̀ orin ìsìn sí Yorùbá, wọ́n sì fi àwọn ọ̀rọ̀ náà sábẹ́ ohùn orin tí wọ́n kó ti ìlú òyìnbó bọ̀. Ohùn orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ìjọ ń kọ ohun kan, ìwé orin sì ń sọ òmíràn. Àwọn Ẹ̀gbá fúnra wọn wà lára àwọn tí ó dìde sí i. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, bàbá bàbá Fẹlá, kọ àwọn orin ìsìn tí ohùn wọn tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì wà lára àwọn ohùn Yorùbá tí ilé iṣẹ́ Zonophone kọ́kọ́ ká sórí àwo láàrin 1920 sí 1930. Ní 1953, T. K. E. Phillips, tí ó ń tẹ dùùrù ní Kàtídírà Krístì ní Èkó, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá, ó sì fi ọ̀ràn ohùn ọ̀rọ̀ ṣe kókó níbẹ̀. Ìjà náà gbà wọ́n ní ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tí wọ́n lé jáde láti ẹnu ọ̀nà ìjọ ni ó tún gba ojú fèrèsé sitúdíò wọlé, èyí tí ó sì wọlé yìí kò ní àlùfáà tí a lè bá jiyàn.

Ó yẹ kí n gbọ́ ti àwọn ọ̀dọ́ náà, nítorí pé agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Wọ́n ní kì í ṣe pé àwọn kò lè kọrin. Àwọn fẹ́ kí ohùn àwọn dún bí ohùn ẹni tí kì í ṣe ará ayé yìí. Àwíjàre yìí lágbára ju bí wọ́n ti rò lọ. Yorùbá ti fẹ́ràn ohùn tí a pa dà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Egúngún kì í fi ohùn lásán sọ̀rọ̀. Ohùn rẹ̀ ni ó ń sọ fún wa pé ará ọ̀run ni. Dùndún pàápàá, kí ni bí kò ṣe ẹ̀rọ tí ń dín ọ̀rọ̀ kù? Ó ju kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì nù, ó mú ohùn àti ìlọsókè-sódò ọ̀rọ̀ nìkan. Nítorí pé ó mọ ohun tí ó jù nù, ó ń fi àpólà oríkì gígùn rọ́pò orúkọ kúkurú, kí olùgbọ́ má baà ṣì í gbọ́. Ìyàtọ̀ tí mo fẹ́ kí a rí ni èyí. Onílù yan ohun tí yóò pamọ́ àti ohun tí yóò sọ nù, ohùn ni ó sì pamọ́ nítorí pé ó gbọ́ Yorùbá. Egúngún mọ̀ pé òun wọ agọ̀, àwa náà sì mọ̀. Ọ̀dọ́ tí ó mọ̀ọ́mọ̀ fi Auto-Tune ṣe agọ̀ kò ṣẹ̀ mí. Ẹni tí mo ń bá wí ni ẹni tí ó fi ẹ̀rọ náà sílẹ̀ bí ó ṣe ti ilé ìtajà wá, tí ó ní “ó ti tún un ṣe”, tí kò sì béèrè lọ́wọ́ akọrin bóyá ọ̀rọ̀ tí ó ń jáde ni ọ̀rọ̀ tí ó sọ.

Ẹ̀rọ náà kò kúkú kọ̀ láti gbọ́ràn. Ó ní ibi tí a ti lè dín ìyára rẹ̀ kù kí yíyọ̀ lè wà láàyè. Ó ní ibi tí a ti lè sọ fún un pé kí ó fi àwọn ohùn kan sílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Ìlànà ìdínkù náà ní àyè tí ó tóbi ju 128,000 lọ, bẹ́ẹ̀ ni a lè pa orin mọ́ láìdín in kù rárá nísinsìnyí tí àyè kò wọ́n mọ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ẹni tí yóò jókòó tì í pẹ̀lú etí Yorùbá.

Lórí àwọn àwo àtijọ́, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn tí ń tọ́jú ìró, tí a ń pè ní IASA, ti fi ìlànà kan lélẹ̀ tí ó bọ́gbọ́n mu: kí a ká àwo sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti rí, pẹ̀lú ìtọ́wò tí kò dín ní 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá, kí a má fọ̀ ọ́, kí a má dín in kù, kí a sì pa ẹ̀dà náà mọ́. Lẹ́yìn èyí ni ẹnikẹ́ni lè ṣe ẹ̀dà tí ó bá wù ú fún títà. Ohun tí à ń ṣe ni òdìkejì: à ń fọ̀ ọ́, à ń dín in kù, a sì ń ju àwo sẹ́yìn ilé. Fíìmù “Ayinla” tí Túndé Kèlání gbé jáde ní 2021 mú kí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí a kò tíì bí nígbà tí Àyìnlá kú wá orin rẹ̀ kiri. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kí ni wọ́n bá pàdé nígbà tí wọ́n wá a? Ọ̀pọ̀ wọn pàdé mẹ́mọ́rì tí a rà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Kò yẹ kí iṣẹ́ yìí pọ̀ jù fún wa. Ní agbègbè Ọdẹ́dá nìkan, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1988 wà ní Alábàtà, ilé ẹ̀kọ́ tí ìjọba kan náà dá sílẹ̀ ní 1976 láti kọ́ àwọn olùkọ́ sì wà ní Ọ̀sìẹ̀lẹ̀. Àwọn tí ó mọ ẹ̀rọ wà níbẹ̀, àwọn tí ó mọ èdè wà níbẹ̀. Àwọn tí ó ni àwo sì wà nínú pálọ̀ wọn ní àárín ìlú, wọ́n ń fi aṣọ nù ún. Ohun tí ó kù ni kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jókòó sínú yàrá kan náà: kí ẹni tí ó mọ ẹ̀rọ gbé ọwọ́ lé bọ́tìnnì, kí ẹni tí ó mọ èdè máa sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà, kí alàgbà tí ó ni àwo sì máa sọ ibi tí gòjé ti sọnù. Bí alàgbà náà bá ní kí wọ́n dá ọwọ́ dúró, kí wọ́n dá a dúró, kódà bí ariwo bá ṣì kù lórí àwo. Àwo tí ó ń han yóò ṣì sọ òtítọ́ fún ọmọ tí kò tíì wáyé, ó sì lè fúnra rẹ̀ fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ẹ̀rọ tí ó sàn ju tiwa lọ. Gòjé tí a bá ti fọ̀ dànù, kò sí ẹ̀rọ tí yóò rí i ṣírò padà.